Ó Wà Lọ́wọ́ Yín, Ṣé Ó Wà Lórúkọ Yín? Ìfiwéra Àwọn Ohun Tí Èèyàn Ń Gbé fún Ẹlòmíràn Ní Èkó

Ní Èkó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tí wọn kì í tà. Ilẹ̀ wà, ilé wà, ṣọ́ọ̀bù wà, ọkọ̀ wà, àwọn kan ń ta láìnì fóònù pàápàá. Ẹni tó ń tà á á ní kí ẹ sanwó kí ẹ máa mú un lọ, bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Kò parí síbẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, tí ọjà sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, tiyín ni. Àwọn mìíràn lè wà lọ́wọ́ yín fún ogún ọdún, kí ẹ máa gbé inú rẹ̀, kí ẹ máa kùn ún lọ́dà, síbẹ̀ kó jẹ́ pé orúkọ ẹlòmíràn ni ìjọba mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan sì wà tí kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni rárá, iye yòówù kí ẹ san.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí ló máa ń sanwó ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹni tó fẹ́ rà, ẹni tó fẹ́ tà àti òbí tó fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ fún ọmọ lè fi wọ́n wé ara wọn kí wọ́n tó yan èyí tí wọ́n máa ṣe. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa gbogbo wọn ni: ta ló láṣẹ láti yọ̀ǹda rẹ̀, ọ́fíìsì wo ló sì máa kọ orúkọ tuntun sílẹ̀?

Ilẹ̀ ẹbí àti ilẹ̀ tó ní C of O

Ilẹ̀ ni n óò pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló ń gbé owó èèyàn lọ jù, ẹjọ́ rẹ̀ ló sì ń pẹ́ ní kóòtù jù.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, àwọn onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà níkàáwọ́ wọn láti àtètèkọ́ṣe, ń bá ẹbí tọ́jú ilẹ̀ ni. Nígbà tí ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Amodu Tijani Olúwa gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó kẹ́yìn nígbà ìjọba òyìnbó, ní London, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, ilé ẹjọ́ náà gbà pé àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ Olúwa ló ni ilẹ̀ yẹn lápapọ̀, pé olóyè ń dúró fún wọn ni, àti pé owó gbà-máà-bínú tí ìjọba máa san gbọ́dọ̀ fi hàn pé àwọn ló ni ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, àmọ́ ó ṣì kan ẹni tó fẹ́ ra pílọ́ọ̀tì kan ní Ìpájà tàbí Ìkòtún lónìí. Kò sí ọmọ ẹbí tó lè dá ilẹ̀ ẹbí tà.

Bí kóòtù ṣe ń wò ó nìyí. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni títà náà, kò sí ohun tó ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbààgbà ìdílé yòókù mọ̀, títà náà dúró ná, àmọ́ àwọn yẹn lè gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí rìsíìtì ṣe pàtàkì ju iye owó tó wà nínú rẹ̀ lọ. Nínú àṣà wa, ohun mẹ́ta ló ń mú kí ilẹ̀ di ti ẹni tó rà á: kó san owó náà, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì mú un dé orí ilẹ̀ kí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Rìsíìtì tí wọ́n kọ nínú yàrá éjẹ́ǹtì, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí kò mú yín dé orí ilẹ̀, kò ní ìkẹta nínú.

Ẹ wá gbé ilẹ̀ tó ní C of O (Certificate of Occupancy, ìwé àṣẹ lílo ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti 1978 tí òfin Land Use Act ti dé, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ohun tí C of O sì ń fúnni ni ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ náà fún iye ọdún kan, ọdún 99 ló sì wọ́pọ̀ jù. Orúkọ ẹnì kan ló wà lórí rẹ̀, fáìlì rẹ̀ wà ní Aláùsá, ẹ sì lè ní kí lọ́yà lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Báǹkì á gbà á láti yá yín lówó. Wọn kò ní gba rìsíìtì ẹbí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ra ilé tó ti ní C of O, wọ́n wá ń sọ fún lọ́yà pé, "Ẹ bá mi gba C of O lórúkọ tèmi." Ẹni àkọ́kọ́ tí ìjọba fún ní ilẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ C of O fún. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn rẹ̀, ìfọwọ́sí gómìnà ló ń gbà, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Governor's Consent. Wọn kò sì ní tún ọdún kà láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ilé ti di tiyín. Bí C of O ilé kan ní Sùúrùlérè bá bẹ̀rẹ̀ ní 1982, 2081 ni ọdún rẹ̀ máa pé, ẹni tó bá sì rà á ní 2025, ọdún 56 ló kù tó rà. Ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà kí ẹ tó dúnàá-dúrà, torí owó ilé tó ku ọdún 90 kò yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú owó èyí tó ku 50.

Àwọn tó bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó tà á, tí wọ́n wá kì í bọ inú àpótí, wọ́n ti dúró ní àárín ọ̀nà. Òfin 1978 yẹn sọ ọ́ kedere pé ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi dúró fún owó, kò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ lórí ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, níbi tí báǹkì ti fẹ́ ta ilé tí wọ́n fi dúró fún owó tí wọ́n yá. Ilé ẹjọ́ ní asán ni fífi ilé náà dúró, torí gómìnà kò fọwọ́ sí i. Bí báǹkì tó ní lọ́yà rẹpẹtẹ bá lè bá irú èyí pàdé, kí ni ti ẹni tó fi owó èsúsú ra ilé?

Ṣé pé kí a má ra ilẹ̀ ẹbí mọ́ ni? Rárá o. Ilẹ̀ ẹbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi di onílé ní Èkó, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ yàn nínú wọn ni èyí tí ìjọba ti yọ sílẹ̀ fún ẹbí, tó sì ti jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde ohun tó bá ṣe. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba kò fọwọ́ lé ilẹ̀ náà mọ́. Bí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ ohun tí ìjọba ti gbà fún iṣẹ́ kan pàtó, ojú ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn bí àpẹẹrẹ, olórí ẹbí lè fọwọ́ sí i, gbogbo àgbà ẹbí lè fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí wọ́n lè gbé fún yín, torí kò sí lọ́wọ́ wọn mọ́. Àmọ́ bí ẹ bá ń wá ilé tí ẹ máa fi yáwó tàbí tí ẹ máa tún tà láìpẹ́, èyí tó ní C of O ni kí ẹ lọ bá, kí ẹ sì ti fi owó ìfọwọ́sí gómìnà kún ìṣirò yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Sọ́fè, ìwé tí wọ́n ya àwòrán àti ìwọ̀n ilẹ̀ sí, ni ẹ ó fi mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ àti àdúgbò wà lókè, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ àti òǹtẹ̀ ẹni tó wọ̀n ọ́n wà níbẹ̀, ní igun kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sì rí nọ́ńbà pílà. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ilẹ̀ ìjọba ló bọ́ sí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí ilẹ̀ fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní igun rẹ̀, ẹ fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórí pílà kọnkéré kékeré náà, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Bí ó bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n mú yín wá.

Nípa àwọn tó máa ń kó tọ́ọ̀gì wá sórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti rà á, òfin ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé, tí wọ́n ṣe ní 2016, ti sọ fífi ipá gba ilẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń múni lọ sẹ́wọ̀n. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé ni òfin yẹn rọrùn fún láti lò.

Deed of Assignment àti Power of Attorney

Ìwé méjì yìí máa ń jọra lójú ẹni tí kì í ṣe lọ́yà. Méjèèjì ní èdìdì, méjèèjì ní ẹlẹ́rìí, orúkọ olùtà àti olùrà wà nínú méjèèjì. Deed of Assignment ló ń sọ pé ẹ̀tọ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni yìí bọ́ sọ́wọ́ ẹni yẹn. Power of Attorney kàn ń fún ẹnì kan láṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ onílẹ̀ ni, bíi kó gba owó ilé tàbí kó tà á. Kò gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá òun mójú tó ilé ní Yábàá, Power of Attorney ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ti san owó ilé pé, Deed ni kó gbà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba Power of Attorney "fún ìgbà díẹ̀ ná" torí pé Deed máa náni lówó, ẹ béèrè ohun tí ẹ máa ṣe bí ẹni náà bá kú.

Ilé fún ọmọ: ẹ̀bùn, wíìlì, tàbí kí ẹ dákẹ́

Òbí tó dákẹ́ ti yan nǹkan kan náà o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀. Bí bàbá bá kú láìní wíìlì, tó sì jẹ́ pé àṣà Yorùbá ló tẹ̀ lé nínú ìgbéyàwó rẹ̀, ilé rẹ̀ á di ilé ẹbí fún gbogbo ọmọ. Láti ìgbà yẹn lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá a tà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lókè.

Pípín rẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni, ìdí-igi àti orí-ò-jorí. Ẹjọ́ àwọn ọmọ Suberu Dawodu, ará Èkó kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìdí-igi á pín ogún sọ́nà mẹ́rin, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan kan, ìyá tó bí ọmọ kan àti ìyá tó bí ọmọ mẹ́ta á gba iye kan náà. Orí-ò-jorí á pín in sọ́nà mẹ́sàn-án. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ orí-ò-jorí, ó ní òun ló bá ìgbà mu. Ẹjọ́ náà dé Privy Council, ní 1962 wọ́n sì dájọ́ pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá tó gbòòrò, pé ìgbà tí aáwọ̀ bá wà tí olórí ẹbí sì rí i pé ó tọ́ ni orí-ò-jorí ń wọlé. Bí ìgbéyàwó kóòtù bá wà, ìlànà mìíràn ló máa ṣiṣẹ́, kí tọkọtaya bi lọ́yà wọn.

Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè ṣe ẹ̀bùn nígbà ayé rẹ̀ tàbí kó kọ wíìlì. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi Deed ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: ọmọ ti di onílé, ẹ kò sì lè yí ọwọ́ padà ní ọdún tó ń bọ̀ torí pé ó bí yín nínú. Òun náà nílò ìfọwọ́sí gómìnà. Wíìlì kò ṣiṣẹ́ rárá títí ẹni tó kọ ọ́ á fi kú, ó sì lè yí i padà nígbàkigbà. Fún òbí tó ṣì ń gba owó ilé jẹun, wíìlì ni mo fara mọ́. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń tọrọ yàrá nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, ojú kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ọmọ bá wà tó ní àìlera, tí ẹ sì ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ṣe lẹ́yìn yín, ẹ̀bùn lè sàn jù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ ó máa gbé ibẹ̀ títí ọjọ́ ayé yín.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fi ẹ̀dà kan ṣoṣo síbì kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n dáná sun kóòtù gíga Ìgbóṣẹ̀rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó lóṣù kẹwàá 2020, fáìlì tó jóná kò kéré. Ẹni tó ní ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù nílé rí ibi bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àti ilé tí wọ́n háyà

Ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà, wọ́n máa ń gbé ṣọ́ọ̀bù fún ara wọn. Ìyá tó fẹ́ kó lọ á sọ pé, "Ọmọ mi, gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ mi, àwọn kọ́sítọ́mà mi á di tìẹ, kí o fún mi lówó sẹ́lùfù àti owó tí mo fi tún un ṣe." Ọ̀rọ̀ dídùn ni, kò sì sí ohun tó burú nínú ká sanwó sẹ́lùfù. Àmọ́ ohun méjì ló wà níbẹ̀. Sẹ́lùfù, jẹnẹrétọ̀ àti ọjà jẹ́ ti ìyá, ó lè tà á. Àyè inú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ti lánlọ́ọ̀dù, ìyá kò lè tà á.

Òfin ayálégbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2011, sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbé ibi tó háyà fún ẹlòmíràn láìjẹ́ pé lánlọ́ọ̀dù fọwọ́ sí i nínú ìwé. Bí ẹ bá san gbogbo owó fún ìyá, tí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lórúkọ rẹ̀, àlejò ni yín lójú lánlọ́ọ̀dù. Ẹ pín owó náà sí méjì. Ẹ san ti ẹrù fún ìyá. Ti ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù bá kọ rìsíìtì lórúkọ yín ni kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ sì rí babalọ́jà tàbí ìyálọ́jà ẹ̀ka yẹn, torí ẹgbẹ́ ọjà náà ní ìwé tiwọn.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin 2011 yìí kò kan Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà. Ẹni tó gba ilé ní Mushin, tó ń sanwó lọ́dọọdún, ní ẹ̀tọ́ sí nótíìsì oṣù mẹ́fà bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ ohun mìíràn. Ní Ìkòyí, ẹ ka àgírímẹ́ǹtì yín láti òkè délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tó ti sọ bóyá ẹ lè gbé e fún ẹlòmíràn kí ọdún tó pé.

Ọkọ̀

Ọkọ̀ rọrùn ju ilẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í parí rẹ̀. Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́ àti pépà, wọ́n á máa wà á lọ. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, MVAA, ló ń yí orúkọ padà. Títí wọ́n á fi yí i padà, ẹni tó tà á ni kọ̀ǹpútà wọn mọ̀. Bí kámẹ́rà ojú ọ̀nà bá mú ọkọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ ló máa jáde. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ náà jalè, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ kàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tà ló yẹ kí ẹ máa lé olùrà kiri kó lọ yí orúkọ padà, kì í ṣe òun nìkan.

Ìnṣọ́ránsì kì í tẹ̀ lé ọkọ̀. Àdéhùn láàárín ilé iṣẹ́ náà àti ẹni tó gbà á ni, olùrà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀ tàbí kó bá wọn sọ ọ́. Láísẹ́ǹsì awakọ̀ ní tirẹ̀ kò ṣeé gbé fún ẹnikẹ́ni rárá.

Láìnì, tíkẹ́ẹ̀tì, pẹ́ńṣàn

Ẹ má ta láìnì yín, ẹ má sì ra ti ẹlòmíràn. Láti oṣù kejìlá 2020 tí ìjọba ti ní kí a so NIN mọ́ láìnì, ohun tí ẹni tó bá lò ó bá ṣe ti di tiyín. Ohun tó ṣeé gbé ni nọ́ńbà yín láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Láti 2013 ni wọ́n ti gba èyí láyè, nọ́ńbà kò yí padà, orúkọ kò yí padà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ló máa wọlé. Bí ọjọ́ kò bá dá yín lójú, ẹ ra èyí tó gba kí ẹ yí ọjọ́ padà, torí ẹ kò ní lè gbé e fún àbúrò yín.

Pẹ́ńṣàn náà ń bá yín rìn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kúrò níbi iṣẹ́ kan ní Màrínà lọ sí òmíràn ní Ìkẹjà, àkáǹtì RSA (àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín) kan náà ni, PIN, ìyẹn nọ́ńbà pẹ́ńṣàn yín, kan náà, ọ̀gá tuntun kàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í san ti ibẹ̀ sínú rẹ̀ ni. Láti oṣù kọkànlá 2020 sì ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, ti gbà kí èèyàn kó o láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ pẹ́ńṣàn kan lọ sí òmíràn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ fi iye tí owó yín ń bí lọ́dọ̀ tiwọn wé ti àwọn yòókù fún ọdún mélòó kan kí ẹ tó kó o, kì í ṣe ti oṣù kan tí éjẹ́ǹtì fi hàn yín. Bí ẹ bá sì ti pinnu, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tuntun tí ẹ ń lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú PIN àti NIN yín lọ́wọ́.